Ìbọn Onígi tí Kùdírátù Fọ́ ní Asafo

Bí àlejò bá dé Moshie Zongo ní Kumasi, tí ó béèrè ilé Kùdírátù ọmọ Àlàájì oníwàláà, àwọn àgbà nìkan ló lè júwe ilé náà fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní Maame Tuo lòun ń wá, ọmọdé tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì á fà á lọ́wọ́ débẹ̀. Tuo ni àwọn Aṣáńtì ń pe ìbọn. Ìyá Oníbọn ni wọ́n sọ obìnrin náà dà, bẹ́ẹ̀ kò fọwọ́ kan ojúlówó ìbọn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Igi ni ó ń gbẹ́. Ìbọn tí àwọn òṣèré ń gbé lọ́wọ́ nínú fíìmù ìjà, tí wọ́n fi ń fọ́ báńkì, tí wọ́n fi ń lé ara wọn kiri inú oko kòkó, tí ọ̀gá jàǹdùkú fi ń halẹ̀ mọ́ ọlọ́jà, abẹ́ páànù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jáde.

Ogbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti gbé aṣọ títà wá sí Kumasi láyé ọjọ́un. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò lè ta aṣọ, torí kò mọ bí a ṣe ń bẹ oníbàárà. Wàláà ni ó ń gbẹ́, ìyẹn pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ Kùránì. Nínú gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀, Kùdírátù nìkan ló máa ń jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bàbá á gbé pákó kan lé e lẹ́sẹ̀, á ní, "Má fi agídí mú un. Wo ibi tí ojú igi kọ sí, kí o bá a lọ síbẹ̀." Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọbìnrin náà ti gbọ́ èdè igi. Nígbà tí bàbá fi máa kú, àwọn ilé kéwú ti ń ra ìwé tí wọ́n tẹ̀, wàláà kò tà mọ́. Kùdírátù bá ń fi òwúrọ̀ din kóósè, ìyẹn àkàrà, tà, ó ń fi ọ̀sán kan àpótí ìjókòó.

Àpótí ni Kwaku wá rà tí wọ́n fi mọra. Ará Tafo ni Kwaku, fíìmù èdè Twi ni ó ń yà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó gbé báàgì kan dání tí ìbọn oníke tí wọ́n ń tà fún ọmọdé kún inú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ ọsàn, oríṣiríṣi. Ó fa ọ̀kan yọ, ó ní:

"Maame, wo nǹkan tí mo fi ń ṣiṣẹ́. Lánàá, ọ̀gá olè yọ ìbọn sí ọlọ́pàá, omi ń ro tótó lẹ́nu ìbọn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Báwo ni mo ṣe máa tà á?"

Kùdírátù gba ìbọn náà, ó yí i wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ṣé kí n gbẹ́ ọ̀kan fún ọ?"

Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu òun. Àmọ́ nígbà tí Kwaku padà wá, ó bá ìbọn ìléwọ́ kan lórí àpótí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó rántí rẹ́rìn-ín. Igi fífúyẹ́ ni Kùdírátù fi ṣe é. Ó fi páìpù irin kékeré ṣe ẹnu rẹ̀, ó kun ún ní ọ̀dà dúdú, lẹ́yìn náà ó fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, ó lọ igi dúdú inú rẹ̀ kúnná, ó fi àkísà nù ún mọ́ ara ọ̀dà títí tí ó fi ń dán bí irin. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń wá. Àwọn òṣèré á fi ẹnu pariwo "pá! pá! pá!", ẹni tó ń bá Kwaku fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ á wá fi iná àti èéfín sí i lẹ́yìn.

Fóònù ni ó fi ń wo àwòrán ìbọn tí ó bá fẹ́ gbẹ́. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ bí nǹkan ṣe nípọn tó, nítorí náà ó máa ń lọ dúró sí òdìkejì báńkì kan, níbi tí ọlọ́pàá kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá náà sọdá wá bá a. Ó ní, "Ìyá wa, gbogbo ìgbà ni mo ń rí yín tí ẹ ń wò mí. Mo ní ìyàwó nílé o." Ẹ̀rín fẹ́ pa Kùdírátù, ojú sì tì í. Ó sá wọ ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ìyá rẹ̀ ni kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Àbídà ni orúkọ ìyá, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè. Kò bá ọmọ rẹ̀ jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbọn kankan, ìbáà jẹ́ ti igi, kọjá ìloro wọ yàrá. Bí Kùdírátù bá ń kun ọ̀dà lọ́wọ́, ìyá á gba ẹ̀yìn ilé yíká lọ síbi ìdáná kí ojú rẹ̀ má baà kàn án. Nígbà tí ìyá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí ó ń ta aṣọ, láyé ìjọba ṣọ́jà, àwọn ṣọ́jà ya wọ ọjà lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn oníṣòwò ń kó ọjà pamọ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹnu ìbọn ti gèlè bọ́ lórí Àbídà, ó sì gbé irin náà lé e látàrí títí tí wọ́n fi tú gbogbo ìdì aṣọ rẹ̀ tán. Kò yìn ín. Ó kàn gbé e síbẹ̀ ni. Títí di òní, bí ohun tútù bá kan ìyá lórí lójijì, ńṣe ni ó máa ń ké.

"Ìyá, igi ni," Kùdírátù á wí.

"Mo mọ̀ pé igi ni, ọmọ mi," ìyá á dá a lóhùn. "Orí mi mọ̀. Ara mi ni kò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i nígbà tí Rilwan, àbíkẹ́yìn ìyá, wọ inú eré. Méètì ni Rilwan nínú trotro tó ń na Tafo, òun ló ń pe èrò, òun ló ń gbowó ọkọ̀. Ó ga, ó gbẹ, ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì ti gbá a lójú rí débi pé àpá dá ìpéǹpéjú rẹ̀ sí méjì. Ọjọ́ tí ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ìbọn lọ fún Kwaku, Kwaku pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ojú olè nìyí! Gbogbo ọdún ni mo ti ń wá a!" Inú Rilwan dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Láti ìgbà náà, kò sí fíìmù Kwaku tí kì í ti í jalè.

Ìyá gbọ́, ó mi orí. "Ọmọ mi kan ń gbẹ́ ìbọn, èkejì ń fi í jalè. Bàbá yín á máa bi mí lójú àlá pé ṣé bí mo ṣe tọ́ yín nìyí."

"Ìyá, ẹ̀rù ń bà yín ni, eré ni," Rilwan wí, ó sì dì mọ́ ọn.

"Ẹ máa ṣeré yín. Ọlọ́run á ṣọ́ yín."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Kwaku fẹ́ ya ibi tí àwọn olè ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù mòmò, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́. Asafo ni ó yàn, nítòsí ibùdókọ̀. Ó ní ó ti sú òun kí àwọn tó ń kọjá nínú fíìmù òun máa wo kámẹ́rà bí ẹni tó ń wo ọkọ ìyàwó, nítorí náà inú ọkọ̀ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ta aṣọ sí fèrèsé rẹ̀ ni kámẹ́rà máa wà. Àwọn olè á kàn já lu ṣọ́ọ̀bù náà ni, àwọn èèyàn á sì fo sókè bí wọ́n ṣe ń fò sókè láyé.

Kùdírátù gbé àwọn ìbọn náà wá fúnra rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni ti Kwabena, ọ̀rẹ́ Rilwan tó sanra, tó máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kó sọ. Ìbọn gígùn ni ti Rilwan, èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí Kùdírátù ti gbẹ́. Nítorí pé igi fífúyẹ́ máa ń kán bí òṣèré bá ṣubú, ó fi ìrókò ṣe èyí, àjákù ilẹ̀kùn ìrókò tí wọ́n ń pè ní odum níbẹ̀. Bí ó ṣe rí bọ́ọ̀sì aláṣọ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Kwaku, àwọn èèyàn ọjà mọ̀ ṣá?"

"Maame, mo ti bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ ní àárọ̀. Ọ̀gá ibùdókọ̀ mọ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù mọ̀, gbogbo àwọn tó jókòó yí i ká mọ̀. Fọkàn balẹ̀."

Òótọ́ ni pé ó bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà kì í dúró sójú kan. Àwọn tó gbọ́ lárààárọ̀ ti lọ jẹun, òmíràn ti lọ kírun, àwọn ẹlòmíràn tí kò gbọ́ nǹkan kan ti jókòó dípò wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn olè gidi ti gun alùpùpù wá sí àdúgbò náà, wọ́n ṣá ọkùnrin kan lọ́gbẹ́. Ojú gbogbo ọjà ṣì pọ́n.

Ama ọlọ́sàn wà lára àwọn tí kò gbọ́. Òkú ni ó ti lọ sin lábúlé, ó pẹ́ kó tó dé, ó sì ń to ọsàn rẹ̀ sórí tábìlì lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin méjì tó fi aṣọ bojú fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú rẹ̀. Ama rí ìbọn gígùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, ó fi igbe ta.

"Krɔmfoɔ! Krɔmfoɔ oo!"

Olè ni ó ń pè. Ohùn rẹ̀ la ọjà já bí àdá. Kí èèyàn tó pajú dé, àwọn awakọ̀ ti yọ irin, àwọn alábàrù ti ju ẹrù sílẹ̀. Òkò àkọ́kọ́ ba Kwabena léjìká. Ó ju ìbọn nù, ó ṣí aṣọ lójú, ó bẹ́ sínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Kwaku ní tirẹ̀ sáré bọ́ síta, ó ń jùwọ́, ó ń pariwo pé fíìmù ni, fíìmù ni. Wọ́n gbá a létí, wọ́n ní ọ̀gá wọn nìyí.

Rilwan gbìyànjú láti sá. Ọsàn tí Ama tì ṣubú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Ó yọ̀, ó fi àyà lélẹ̀, ìbọn fò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ balẹ̀ sẹ́bàá kòtò ìdọ̀tí. Wọ́n dà bò ó.

Kùdírátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó rí àbúrò rẹ̀ tí ó wọlẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn bí ẹni wọ omi, kò sì rí i mọ́. Ẹnu rẹ̀ ya, Yorùbá ló sì jáde: "Ẹ má pa á! Ẹ jọ̀wọ́, àbúrò mi ni! Ọmọ ìyá mi ni!" Kò sí ẹni tó gbọ́. Ó sọ ọ́ ní Twi, ariwo bò ó mọ́lẹ̀. Ó fi èjìká rọ́ wọnú èrò, wọ́n tì í sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ó ti rí ọkùnrin kan tí ó gbé búlọ́ọ̀kù sókè, tí ó ń wá àyè ibi tó máa sọ ọ́ sí.

Ó wá yíjú, ó rí ìbọn náà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ṣófo yí i ká. Gbogbo èrò náà, pẹ̀lú bí wọ́n ti ń fún ara wọn, wọ́n yà fún un bí a ti ń yà fún ejò. Wọn kò bẹ̀rù èèyàn tí wọ́n ń lù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fẹsẹ̀ kan igi.

Kùdírátù kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó sáré lọ, ó gbé e.

"Obìnrin wà nínú wọn!" ẹnìkan ké. Àwọn èèyàn tú ká bí adìyẹ tó rí àṣá. Àwọn tó tẹ̀ mọ́ Rilwan gbójú sókè, wọ́n rí obìnrin tó fi máyàfí borí, tó gbé ìbọn gígùn lọ́wọ́, wọ́n fò dìde. Búlọ́ọ̀kù já bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn, ó kù díẹ̀ kó bà á lẹ́sẹ̀. Àyè là láàárín Kùdírátù àti àbúrò rẹ̀, ó sì rí i pé Rilwan ń mí.

Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró pẹ́ báyìí, òun gan-an ni wọ́n máa pa. Ó gbé ìbọn náà sókè, ó fi gbogbo agbára là á mọ́ kọnkéré ẹ̀gbẹ́ kòtò. Kò kán. Ìró rẹ̀ lọ dé èjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kú. Ó tún là á. Páìpù ẹnu rẹ̀ ṣẹ́po, igi kò mira. Ìrókò tí ó fi ìgbéraga yàn kí ó má baà kán! "Yà Ọlọ́run," ó wí, "Yà Ọlọ́run, jẹ́ kó kán." Ó gbé e dábùú lórí kòtò náà, ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó fo sórí rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó dún kààà. Kùdírátù ṣubú sínú kòtò dé orúnkún, ṣùgbọ́n ó ti fà á jáde, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àti èyí tó wà lọ́wọ́ òsì. Níbi tó ti ya, ojú igi pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí àkàrà tuntun.

"Ɛyɛ dua!" ó ké. "Ɛnyɛ tuo! Igi ni! Ẹ wò ó, igi ni, èmi ni mo gbẹ́ ẹ!"

Ọjà dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé Kùdírátù ń gbọ́ bí ọsàn kan ṣe ń yí lọ lójú títì. Lẹ́yìn náà ni bàbá arúgbó kan, ọ̀gá ibùdókọ̀ tí Kwaku bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, tí ó ń sáré bọ̀ láti ibi oúnjẹ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò tíì fọ̀, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gba àbọ̀ igi kan, ó fi èékánná họ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Odum ni," bàbá wí fún àwọn èèyàn. "Odum gidi. Fíìmù ni wọ́n ń yà, wọ́n sọ fún mi. Ẹ̀yin aráa wa, ta ni ẹ ń pa?"

Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín nígbà tí ara rẹ̀ bá ń gbọ̀n. Òmíràn náà bá a rẹ́rìn-ín. Láìpẹ́ àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan káwọ́ lérí, ọkùnrin tó gbé búlọ́ọ̀kù sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Rilwan ti dìde jókòó. Ètè rẹ̀ là, ojú rẹ̀ kan ti wú, ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ń fọwọ́ kàn án lórí, léjìká, níhà.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," Rilwan wí, ẹ̀jẹ̀ ń ro lẹ́nu rẹ̀, "ẹ ti ba ìbọn yín jẹ́."

Ìgbà yẹn ni Kùdírátù tó sunkún.

Ama ọlọ́sàn ló fi ẹnu fa ọ̀rá omi tútù já, tó ń da á lé Rilwan lójú, tó ń fi ìró ara rẹ̀ nù ún. Ó ń sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ. "Kosɛ, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́, kosɛ. N kò mọ̀. Mo rí ìbọn ni. N kò mọ̀." Kùdírátù dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyá, ẹ kò ṣẹ̀. Bí mo bá wà níbi tí ẹ wà, èmi náà á ké."

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n kó gbogbo wọn lọ sí àgọ́ wọn, àti olè, àti dairẹ́kítọ̀, àti oníbọn. Ní ìdúró tí Kùdírátù dúró níwájú káńtà pẹ̀lú ìdọ̀tí kòtò lẹ́sẹ̀, ó ti gbà pé ẹ̀wọ̀n ló kàn. Ṣùgbọ́n obìnrin ọ̀gá ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ yí àbọ̀ ìbọn náà wò, ó gbé e lé èjìká bí ẹni fẹ́ yìn ín, ó mi orí.

"Ìwọ lo gbẹ́ èyí? Ó dára jù. Ìyẹn ni wàhálà rẹ̀." Ó yíjú sí Kwaku. "Ìwọ, wá síbí kí o tó ya ohunkóhun nínú ọjà mọ́. Àwọn ọlọ́pàá wa ni kí o mú dání. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Maame."

"Ẹ gbé ọmọ yìí lọ sílé ìwòsàn. Ẹ dúpẹ́."

Wọ́n rán ètè Rilwan. Dókítà wo ìhà rẹ̀, ó ní egungun kankan kò kán. Kùdírátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń sọ "Alhamdulillahi" títí ẹni tó jókòó tì í fi bi í bóyá ó bímọ ni.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìròyìn ti ṣáájú wọn délé. Ẹnìkan ti Asafo tẹ fóònù sí Zongo pé wọ́n ti pa Rilwan, wọ́n tún ní ìbọn ni wọ́n fi pa á. Nígbà tí ọkọ̀ gbé wọn dé, àwọn obìnrin ti kún àgbàlá, Ìyá Àbídà jókòó sórí ẹní ìkírun láàárín wọn, kò sunkún, tẹ̀súbà rẹ̀ dúró lójú kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Rilwan wọlé. Igbe sọ. Ìyá gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Sún mọ́ mi," ó wí.

Rilwan kúnlẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì wá a lára, àyà, ẹ̀yìn, ikùn, ó ń wá ihò ìbọn. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó gbá a létí, ó sì fà á mọ́ra ní ẹ̀ẹ̀kan náà, òun àti ọmọ ń mì pọ̀. Kùdírátù dúró sí ìloro, kò mọ bóyá òun lè wọlé.

"Níbo ni ó wà?" ìyá bi í. "Nǹkan yẹn."

"Mo ti fọ́ ọ, Ìyá."

"Gbé e wá."

Kùdírátù wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣàwàdà. Ó gbé àbọ̀ méjèèjì wá. Ìyá na ọwọ́, ó gba èyí tí ẹnu páìpù wà lára rẹ̀. Ó gbé e lé orí itan, ó fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀, ó kan ibi tí igi ti ya, ó kan páìpù tó ṣẹ́po.

"Ó mà fúyẹ́ ju ti ṣọ́jà lọ o," ìyá wí níkẹyìn. Ó dà bí ẹni pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé báyìí ló fúyẹ́ tó."

Ó mí kanlẹ̀, èémí tí ó jìn débi pé èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé e fún Kùdírátù padà, ó ní kí wọ́n lọ wá kókó gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, fún ọmọ òun, ètè tí wọ́n rán kò lè jẹ fùfú.

Kwaku wá lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, etí rẹ̀ kan ṣì pọ́n. Ó bẹ ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Aṣáńtì kì í dọ̀bálẹ̀, ìyá sì dárí jì í. Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí ó ń yí mọ́ ọn lẹ́nu. Kámẹ́rà inú bọ́ọ̀sì kò dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ni ó yà, láti orí igbe Ama títí dé orí ibi tí Kùdírátù fò lórí kòtò.

"N kò rí irú rẹ̀ rí," Kwaku wí jẹ́jẹ́. "Kò sí òṣèré tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú yín ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ."

Rilwan ní kí ó jẹ́ kí òun wò ó. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà Kwaku wò ó lábẹ́ páànù. Nígbà tó dé ibi tí búlọ́ọ̀kù wà lókè, Rilwan di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Kò tú u sílẹ̀ títí ó fi parí.

"Pa á rẹ́," ó wí. "Ìyá lè rí i lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin oníbúlọ́ọ̀kù yẹn náà ní ọmọ tó lè rí i."

Kwaku pa á rẹ́ níṣojú wọn. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní àyà òun ti fúyẹ́.

Wọ́n tún ibi náà yà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Asafo. Àgbàlá ńlá kan ni wọ́n lò ní Tafo, wọ́n to tábìlì sí i bí ọjà. Ọlọ́pàá méjì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń mu omi. Kwaku gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ láti ilé dé ilé, ó sọ fún gbogbo àdúgbò títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ pé àwọn ti gbọ́. Ìbọn tuntun tí Kùdírátù gbẹ́ ní ọ̀já pupa lẹ́nu tó ń fi hàn pé eré ni, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u àfi bí kámẹ́rà bá ti ṣe tán.

Ama ọlọ́sàn ni wọ́n pè láti wá ṣe ọlọ́sàn. Èrò Rilwan ni. Ama wọ aṣọ tuntun wá, ó kun ètè, ó to ọsàn rẹ̀. Kwaku ní, "Maame Ama, bí wọ́n bá ti fò sílẹ̀, kí ẹ ké bí ẹ ṣe ké lọ́jọ́ náà."

Rilwan àti Kwabena fò sílẹ̀. Ama gbé ọwọ́ lérí, ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde àfi "krɔm..." jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ológbò bá ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n tún un ṣe. Ó tún rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún un ṣe títí ọsàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nínú oòrùn.

"Kí ló dé?" Kwaku bi í. "Ohùn tó kó gbogbo Kumasi jọ lọ́jọ́sí dà?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ké?" Ama dáhùn, ó tọ́ka sí Rilwan. "Ẹ wo ojú ọmọ yìí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí mi lábẹ́ aṣọ! Mo ti mọ ìyá rẹ̀, mo ti lọ kí i nílé."

Rilwan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ètè tí wọ́n rán dùn ún, ó di ẹnu mú, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kwabena gbàgbé ohun tó yẹ kó sọ. Ọlọ́pàá kan ní òun lè bá wọn ké bí wọ́n bá fẹ́. Kùdírátù jókòó sórí àpótí kan pẹ̀lú ọ̀já pupa lọ́wọ́, ó gba ọsàn kan lọ́wọ́ Ama, ó sì ń bó o.